Gémárì Ṣàsíbù

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé òun ti jẹ ayé, ẹ bi í bóyá ó ti jẹ gémárì àbàtà Ṣìbáyíṣì, ní etí odò Yúfírétì, rí. Bí ó bá ní rárá, ẹ fi í sílẹ̀, kò mọ ohun tó ń sọ. Wàrà ẹfọ̀n ni wọ́n fi ń ṣe gémárì. Ẹfọ̀n omi tiwa ni mò ń wí, kì í ṣe ti inú igbó tó ń kan ọdẹ pa. A ó gbé wàrà náà ka iná ìgbẹ́ ẹfọ̀n gbígbẹ, iná jẹ́jẹ́ tí kò ní ariwo, a ó fi sílẹ̀ títí ọ̀rá rẹ̀ yóò fi léfòó, tí yóò nípọn, tí yóò sì ṣeé ká bí ẹní. A ó da omi dàbínù lé e, a ó fi búrẹ́dì gbígbóná gbé e sẹ́nu. Mo ti rí ọkùnrin tó ń bá ìyàwó rẹ̀ jà tó pa ìjà tì nígbà tí wọ́n gbé e dé.

Ní ti Ṣàsíbù, ọkọ Mákíyà, kò sí ohun tó lè mú un pa ẹnu dé. Bó bá ń jẹ gémárì, á máa sọ̀rọ̀ lé e lórí. "Ìyá Rísàn, tòní nípọn ju tàná lọ. Kí lo fún ẹfọ̀n yìí jẹ?" Á fi ẹ̀gbẹ́ búrẹ́dì gbé díẹ̀, á di ojú, á sì jẹ́ kó yọ́ fúnra rẹ̀ lórí ahọ́n. Bó ṣe ń ṣe sí oúnjẹ náà ló ń ṣe sí gbogbo nǹkan. Bí ẹyẹ apẹja bá bà sórí ọ̀pá ìtukọ̀, ó di dandan kó pe ìyàwó rẹ̀ wá wò ó. Bí afẹ́fẹ́ àríwá bá fẹ́ wọ inú ilé esùsú wọn lọ́sàn-án, á bọ́ ẹ̀wù, á tẹ́ ara sílẹ̀ fún un, á ní kò sí ọba kan tó jẹ irú ìgbádùn yìí rí ní Bàgìdáàdì.

Mákíyà á dá a lóhùn láti ibi tó ti ń po ìgbẹ́ ẹfọ̀n tó fẹ́ sá sóòrùn. "Ẹyẹ yẹn, ṣé ó máa bá mi po ìgbẹ́?"

Ogójì ọdún ni wọ́n fi wà bẹ́ẹ̀. Obìnrin tí iṣẹ́ nìkan yé ni Mákíyà. Lójú tirẹ̀, gémárì jẹ́ ohun tí a ń gbé wọkọ̀ lọ sọ́jà kí oòrùn tó mú. Ó fi ogójì ọdún ṣe é, kò jókòó jẹ àwo kan tán rí. Ṣíbí ló máa ń lá, nígbà tó bá rántí. Kò sẹ́ni tó fi dù ú. Kò ráyè ni.

Ìgbà tó wá yẹ kó ráyè ni ayé yí padà. Wọ́n sé omi mọ́lẹ̀ lókè odò, ní ilẹ̀ àwọn ẹlòmíràn, Yúfírétì sì ń dín kù títí ó fi di ohun tí à ń fẹsẹ̀ là kọjá. Iyọ̀ òkun bá gòkè wá, ó gba ipò omi. Ibi tí omi ti ń mu wá dé àyà tẹ́lẹ̀, eruku ló ń sọ níbẹ̀ báyìí. Àwọn ẹfọ̀n mu omi oníyọ̀, ojú wọn fọ́, lẹ́yìn náà wọ́n ṣubú. Mẹ́rìnlá ni ti Ṣàsíbù. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ọdún yẹn fi máa wọ inú tán, ó ku abo kan ṣoṣo tí wọ́n ń pè ní Gàsálà, àti ọmọ rẹ̀ olóṣù méjì. Gàsálà túmọ̀ sí ẹtu, ẹfọ̀n náà sì tóbi bí ilé. Ṣàsíbù ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ó ní kí inú ẹni tó sanra náà máa dùn.

Àwọn ará àdúgbò kó lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn kan lọ sí àríwá níbi tí omi ṣì wà, àwọn kan lọ ru búlọ́ọ̀kù nígboro. Rísàn, àkọ́bí wọn, àti àbúrò rẹ̀ wà ní Básírà. Ilé méjì péré ló kù lórí ilẹ̀ náà: ilé Mákíyà àti ti Sàbítì, ọkùnrin àádọ́ta ọdún tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, tó ní ọ̀kadà kan àti ajá kan. Ohun gbogbo ń rù lọ́dún yẹn, ènìyàn ń rù, ẹran ń rù, àfi ajá Sàbítì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sanra. Sàbítì ní eku ló ń jẹ. Ta ló ráyè yẹ ọ̀rọ̀ ajá wò?

Ìgbà òtútù tó ṣáájú ni kókó kan yọ sí Ṣàsíbù lọ́nà ọ̀fun. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù nígboro, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, dókítà sì pe Rísàn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, "Ẹ máa gbé bàbá lọ sílé. Ohun tí ẹnu wọn bá ń fẹ́ ni kí ẹ máa fún wọn." Kò sí ẹni tí kò mọ ìtumọ̀ gbólóhùn yẹn. Ṣàsíbù gan-an gbọ́ ọ láti orí bẹ́ẹ̀dì.

"Dókítà yìí gbọ́n," ó ní. "Ohun tí ẹnu mi ń fẹ́? Ẹ gbé mi lọ síbi tí gémárì wà."

Rísàn bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí wọ́n máa gbé ní Básírà. Ṣàsíbù ní inú ike ni wọ́n ti ń ra gémárì ní Básírà, wọ́n sì ń pò ó mọ́ ìyẹ̀fun, òun kò lè kú sáàárín irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n padà dé ilé, tí Mákíyà gbé àwo síwájú rẹ̀, ó jẹ díẹ̀, ó di ojú, ó wá ní, "Níwọ̀n ìgbà tí eléyìí bá ń bẹ, n kò lọ síbì kankan. Kí Málékà ikú máa ṣe sùúrù."

Àwàdà ló ń ṣe. Ṣùgbọ́n Mákíyà kò gbà á ní àwàdà, ó gbà á ní àdéhùn. Láti ọjọ́ náà lọ, ohun kan ṣoṣo ló wà lọ́kàn obìnrin yìí: tí ọkọ òun bá ti jí ní òwúrọ̀ tó sì ní "Gémárì dà?", ikú kò tíì wọlé. Ọjọ́ tí òun kò bá rí gémárì gbé fún un ni ikú máa wọlé. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, nítorí ó mọ̀ pé bí òun bá sọ ọ́ síta, ọ̀rọ̀ òmùgọ̀ ni yóò dún bí. Ó kàn ń dìde ní kùtù hàì ni, ó ń fún wàrà, ó ń dáná, ó ń gbé àwo lọ síwájú ọkọ rẹ̀, ó sì ń jáde kíá lọ fún Gàsálà ní omi dídùn tí wọ́n ń rà lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀ omi. Nígbà tó bá padà wọlé, àwo ti mọ́. Á gbé e, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀ di ọjọ́ kejì.

Bí nǹkan ṣe wà nìyẹn títí ọmọ ẹfọ̀n fi kú.

Sàbítì ló kọ́kọ́ rí i. Ó dúró lórí rẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ lé eṣinṣin lójú rẹ̀.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ìyá Rísàn. Eléyìí ti lọ."

"Mo lójú," ni Mákíyà dá a lóhùn.

"Wàrà ńkọ́?"

"Gàsálà fi ẹsẹ̀ gbá abọ́ dànù. Ó ti há wàrà mọ́ra. Mo sọ fún Bàbá Rísàn pé ìkòkò ló dà nù."

"Kí ni wọ́n sọ?"

"Wọ́n ní kò burú, tọ̀la ló máa dùn jù." Ó yíjú sí i. "Tọ̀la, Sàbítì. Ṣé o gbọ́?"

Bí ẹfọ̀n ṣe rí nìyẹn: kò ní ta wàrà bí kò bá rí ọmọ rẹ̀. Ènìyàn lè fọwọ́ pa á lára títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, yóò kàn máa wo òréré ni. Nítorí náà ni àwọn ará àbàtà fi ní ọgbọ́n kan, ọgbọ́n tí kò dùn ún wò. Wọ́n á bó awọ ọmọ tó kú, wọ́n á dì í nínú, wọ́n á rán an, wọ́n á gbé e síwájú ìyá rẹ̀. Ìyá á gbóòórùn rẹ̀, á máa lá a, wàrà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn. Kò sí ẹni tó ń fi í yangàn. A kàn ń ṣe é ni.

"Ẹ̀yìn ilé mi ni ká ti bó o, kí ìyá rẹ̀ má baà rí wa," ni Sàbítì wí. "Mo máa lọ tú ògiri ilé Bàbá Hátímù, ká rí esùsú gbígbẹ fi dì í. Wọn ò ní padà wá mọ́."

"Esùsú gbígbẹ kẹ̀? Á gún awọ, á sì máa hó kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀. Ta lo rí tó bí ọmọ tó ń hó? Koríko odò tútù ni wọ́n fi ń dì í. Ó rọ̀, òórùn rẹ̀ sì bá ti ẹran mu. Bí màmá mi ṣe ń ṣe é nìyẹn, bí ìyá tiwọn náà ṣe ń ṣe é nìyẹn."

"Ìyá Rísàn, koríko tútù! Wákàtí méjì ni mo fi ọ̀kadà rìn kí n tó rí idì kan tó wà nílẹ̀ yẹn gé. Oúnjẹ Gàsálà ni."

"Ìwọ̀nba tí apá mi lè gbé ni mo fẹ́. Màmá mi tan ẹfọ̀n jẹ fún oṣù mẹ́rin ní ọdún tí wọ́n bí ìwọ, o wá fẹ́ kọ́ mi ní iṣẹ́ ilé wa."

Sàbítì gbé ọwọ́ sókè. Kò sí ẹni tó ń bá Mákíyà jiyàn ẹfọ̀n.

Ẹ má bá mi bú u. Òótọ́ ló sọ. Bí ìyá rẹ̀ ṣe ń ṣe é nìyẹn, nígbà tí koríko ga ju ènìyàn lọ níbi gbogbo, tí ẹfọ̀n ń jẹ, tó ń sùn lé e, tó tún ń yàgbẹ́ sórí rẹ̀. Kí ni ẹfọ̀n ayé ìgbà náà ń wá nínú ikùn awọ? Kò sí ìyá ẹnikẹ́ni nínú wọn tó ní ìdí láti ro irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Àṣà ọdún ọ̀pọ̀ ni Mákíyà gbé wọ inú ọdún ìyàn, kò sì mọ̀.

Ó bó ọmọ ẹfọ̀n náà fúnra rẹ̀. Ó fi iyọ̀ díẹ̀ ra awọ, ó ki koríko sí i nínú, ó jókòó sẹ́yìn ilé tirẹ̀, ó ń fi abẹ́rẹ́ ńlá rán ikùn rẹ̀ pa. Àárín iṣẹ́ yìí ni orin bọ́ sí i lẹ́nu, orin tí àwọn obìnrin fi ń tu ọkọ̀ lọ sọ́jà nígbà tí ọkọ̀ ṣì wúlò. Ó ti pẹ́ tó ti kọrin kẹ́yìn. Kì í ṣe pé inú rẹ̀ dùn. Ọwọ́ rẹ̀ rí iṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe ni.

Lọ́jọ́ kejì, ó gbé ọmọ awọ náà síwájú Gàsálà. Ẹfọ̀n náà na imú, ó gbóòórùn, ó ké kékeré kan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lá a ní ọrùn. Mákíyà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó di ọmú mú, wàrà ta sínú abọ́. Òun náà kò mọ ìgbà tí ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, tí ó tún tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹfọ̀n lẹ́ẹ̀kan náà.

"Gémárì dà?" ni Ṣàsíbù wí láti inú ilé. Ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lọ mọ́.

"Ó ń bọ̀! Ẹ jẹ́ kó dì ná!"

Ọjọ́ mẹ́fà ni ó fi rí bẹ́ẹ̀. Wàrà kò pọ̀, kò kún abọ́, ṣùgbọ́n ó tó àwo ọkùnrin kan. Ṣàsíbù ń rù sí i, egungun èjìká rẹ̀ ń yọ lábẹ́ ẹ̀wù. Mákíyà ń rí i, ó sì ń sọ fún ara rẹ̀ pé àwo ṣáà ń mọ́. Idì koríko Sàbítì tán ní ọjọ́ karùn-ún. Sàbítì gun ọ̀kadà jáde, ó rìn jìnnà ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó sì padà pẹ̀lú ọwọ́ òfo àti taya tó jò. Wọ́n fún Gàsálà ní esùsú gbígbẹ láti ara ògiri, ó jẹ ẹ́, ó tu ú dànù.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ keje, Mákíyà gbé ọmọ awọ síwájú rẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀, ó sì yà lọ fọ abọ́. Kò pẹ́ níbẹ̀ rárá. Nígbà tó fi máa padà, Gàsálà ti ya ikùn ọmọ rẹ̀.

Orí ọmọ náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lórí ilẹ̀, etí rẹ̀ nà gan-an bí Mákíyà ṣe fi okùn nà án. Ìyá rẹ̀ ti ki imú bọ inú rẹ̀, ó ń fa koríko jáde, koríko tó ti rẹ̀ tán, ó ń jẹ ẹ́. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Mákíyà fi abọ́ lù ú lórí, ó tún lù ú, ẹfọ̀n náà kò tilẹ̀ wẹ̀yìn. Ohun tó wá pa obìnrin yìí lára jù ni pé láàárín òkèlè kan sí èkejì, Gàsálà á dúró, á fi ahọ́n lá ọmọ rẹ̀ létí, á sì tún padà sídìí koríko.

Ó gbìyànjú ọmú rẹ̀. Kò sí nǹkan kan. Ó tún gbìyànjú. Ó jókòó sílẹ̀ nínú ìgbẹ́.

"Gémárì dà?" ni ohùn náà wí láti inú ilé.

Ó wọlé pẹ̀lú ọwọ́ òfo. Ó kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ẹní ọkọ rẹ̀.

"Kò sí," ó ní. "Gàsálà ti ya ọmọ rẹ̀ jẹ. Kò sí lónìí, kò ní sí lọ́la. Bàbá Rísàn, mo bẹ̀ yín, ẹ má tíì kú."

Ṣàsíbù wò ó títí. "Ta ló sọ fún ọ pé gémárì ló ń dá mi dúró?"

"Ẹ̀yin náà lẹ sọ ọ́! Ẹ ní níwọ̀n ìgbà tó bá ń bẹ, ẹ ò lọ síbì kankan."

"Àwàdà ni mo ṣe!" Ọkùnrin náà gbìyànjú láti dìde jókòó, kò lè ṣe é. "Ogójì ọdún ni mo fi ń ṣe àwàdà fún ọ, obìnrin yìí, o ò rẹ́rìn-ín rí. Èyí tí mo ṣe gbẹ̀yìn lo wá gbà gbọ́!"

Ikọ́ gbé e. Mákíyà nu ẹnu rẹ̀ fún un. Nígbà tí ikọ́ náà lọ sílẹ̀, Ṣàsíbù di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Jókòó dáadáa. Mo fẹ́ sọ nǹkan fún ọ, má fi àwo là mí lórí o. Mi ò gbé gémárì kankan mì mọ́. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́rin tí ọ̀fun mi ti dí kí ọmọ ẹfọ̀n yẹn tó kú. Omi tíì nìkan ló ń kọjá, òun náà sì ń rọra kọjá."

"Irọ́ ni. Àwo ń mọ́ lójoojúmọ́."

Ṣàsíbù na ìka tó ti gbẹ sí ògiri esùsú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀. Wọ́n ti ya esùsú méjì sọ́tọ̀ níbẹ̀, ihò náà fẹ̀ tó ohun tí imú lè gbà wọlé. Ìta ibẹ̀ ti dán, bí ibi tí ẹran máa ń jókòó sí.

"Ajá Sàbítì," ni Ṣàsíbù wí.

Mákíyà dìde dúró. "Mo bó awọ ọmọ ẹfọ̀n! Ọwọ́ mi méjèèjì yìí ni mo fi bó o! Mo gba koríko lẹ́nu ẹran tó ń kú lọ! Ẹ wà níbí, ẹ dùbúlẹ̀, ẹ̀ ń gbọ́ mi, ẹ wá ń fi gémárì bọ́ ajá! Ajá, Bàbá Rísàn!"

"Ajá náà mọ adùn o. Ó máa ń di ojú."

"Ẹ má dá mi lẹ́rìn-ín!"

"Mi ò dá ọ lẹ́rìn-ín."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

Ẹ̀mí rẹ̀ ń ṣòro láti kó jọ. "Bí mo bá sọ, ṣé wàá dìde lọ́jọ́ kejì? Wàá jókòó tì mí níbí, wàá máa wò mí, wàá máa sunkún. Mi ò fẹ́ ìyẹn. Wò ó, oúnjẹ ti kọ̀ mí. Ojú mi ti ń ṣú. Ẹyẹ ò sí mọ́ níta, afẹ́fẹ́ àríwá ti di eruku. Ohun tó kù fún mi ni kí n jí, kí n máa gbọ́ ọ lẹ́yìn ògiri, bí o ṣe ń lu abọ́, tí ò ń bú Gàsálà. Lánàá o ní ìrìn rẹ̀ jọ ti ìyàwó ọ̀gá ọlọ́pàá. Wọ́láhì, mo rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ fi dùn mí. Bí mi ò bá béèrè gémárì, kí lo fẹ́ jáde lọ ṣe níta? Nítorí náà ni mo ṣe ń béèrè."

Mákíyà fi ọwọ́ kan ihò ara ògiri náà.

"Tàná ṣì kù nínú àwo tí mo fi aṣọ ìbora bò kí o má baà rí i," ni ọkùnrin náà wí. "Ajá ò wá lánàá. Jẹ ẹ́, kí n máa wò ọ́."

Ó gbé àwo náà bí ẹni tó fẹ́ jù ú nù. Ó jókòó, ó sì jẹ ẹ́, kò fi búrẹ́dì sí i, ìka ló fi ń gbé e, ó ń fi ìbínú jẹ ẹ́. Ó dùn. Ohun tó bí i nínú jù nìyẹn. Ó dùn dé ibi tí kò mọ̀ pé oúnjẹ lè dùn dé, omijé ń ṣàn wọ ẹnu rẹ̀ tòun ti iyọ̀ rẹ̀, ó sì ṣì ń dùn. Ogójì ọdún ni ó fi ń gbé nǹkan yìí fún ẹlòmíràn! Ṣàsíbù ń wò ó, kò sì yọ ọ́ lẹ́nu pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kankan, òun tí kì í dákẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, kí oòrùn tó yọ, Mákíyà gbé abọ́, ó jáde. Ó bẹ̀rẹ̀ sídìí Gàsálà tí ọmú rẹ̀ ti gbẹ tán, ó fi ṣíbí lu ìdí abọ́, ó gbé ohùn sókè. "Aláìmoore! Gbé ẹsẹ̀ rẹ! Wo ìdí rẹ bíi ti ìyá ọkọ tó wá kí ni tí kò fẹ́ lọ!"

Ó dákẹ́, ó tẹ́tí. Láti inú ilé, ó gbọ́ nǹkan kan tó jọ ẹ̀rín, tí ikọ́ gbà mọ́ ọn lẹ́nu.

Ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní òròòwúrọ̀. Ó ń wá èébú tuntun láti alẹ́, obìnrin tí kò ṣe àwàdà rí. Ní ọjọ́ kẹta, ọkọ̀ akẹ́rù kan tó ń kó ẹran lọ sí àríwá gba ibẹ̀ kọjá, Sàbítì sì bá wọn sọ̀rọ̀, wọ́n gbé Gàsálà lọ kó tó kú. Mákíyà kò bá wọn jiyàn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹrin, ó jáde lọ jókòó síbi tí ẹfọ̀n náà máa ń dúró sí, ibi tí ìgbẹ́ rẹ̀ kò tíì gbẹ, ó lu abọ́, ó bú u bí ẹni pé ó wà níbẹ̀. Ṣàsíbù fi ìka kan ògiri lẹ́ẹ̀mejì láti fi hàn pé òun gbọ́.

Ní ọjọ́ karùn-ún, Sàbítì ń bọ̀ pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì omi lọ́wọ́ nígbà tó gbọ́ ohùn rẹ̀. Ohùn náà ga ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ó ń bú ẹfọ̀n tí kò sí níbẹ̀, ó ń bú ìyá ẹfọ̀n, ó ń bú gbogbo ìran rẹ̀, ó ń fi ṣíbí lu abọ́ láìsinmi, kò dúró tẹ́tí mọ́. Oòrùn ti yọ dáadáa. Kò sí ohun tó ń mi nínú ilé.

Sàbítì gbé kẹ́ẹ̀gì sílẹ̀. Ó wo ilé esùsú náà, ó wo obìnrin náà, ó sì rọra ṣí ìborí kúrò lórí. Ó gbé ẹsẹ̀ kan síhà ẹnu ọ̀nà.

"Má tíì wọlé," ni Mákíyà wí, kò sì gbé ojú sókè. "Mi ò tíì fún wàrà tán."